Ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ àti Ọwọ́ Olùtọ́jú

Ẹyẹ olómi ni pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sìn ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó sì ń jìyà ọ̀ràn náà. Nínú omi, ẹsẹ̀ yìí kì í ru ẹrù kankan, nítorí pé omi ni ó gbé gbogbo ara dúró, tí ẹsẹ̀ sì ń tì í síwájú bí àjẹ̀ ṣe ń ti ọkọ̀. Bí ẹyẹ náà bá ti gun òkè, ẹsẹ̀ méjì kúkúrú náà ni yóò máa ru ara tí ó lè tó kílógíráàmù méjì fún abo, tí ó sì lè tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún akọ. Ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dá lè fi mẹ́ta yòókù tiro kiri títí tí yóò fi san. Pẹ́pẹ́yẹ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, ìkejì ni yóò dá ru gbogbo ẹrù, kì í sì í pẹ́ tí òun náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú pẹ́pẹ́yẹ tí ẹsẹ̀ ń dùn kò fi lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan. Ibùsùn rẹ̀, omi rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ẹnì kejì rẹ̀ àti ìwà ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ni oògùn àkọ́kọ́, kí a tó kan ohunkóhun tí a ń dì mọ́ ẹsẹ̀.

Irú pẹ́pẹ́yẹ tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilé àwọn Yorùbá ni èyí tí ó ní ẹran pupa kókókó lójú, tí ohùn rẹ̀ kò ròkè, tí ó sì máa ń mí ṣíì bí inú bá ń bí i tàbí bí ẹ̀rù bá ń bà á. Ilẹ̀ Áfíríkà kọ́ ni ó ti ṣẹ̀ wá. Àwọn onílẹ̀ ní Gúúsù àti Àárín Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹyẹ ilé, kí àwọn ará Yúróòpù tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò ni ó sì gbé e sọdá òkun. Nínú igbó tí ó ti wá, orí igi ni ó máa ń sùn, inú ihò igi ni ó sì máa ń yé sí, èyí tí ó fa á tí èékánná rẹ̀ fi mú, tí ó sì fi fẹ́ràn láti fò gun ògiri àti òrùlé títí di òní. Ẹyẹ tí a dá láti máa ti orí ẹ̀ka bọ́ sórí ewé jíjẹrà tàbí sínú odò ni a mú wá sí àgbàlá tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Bí akọ tí ó sanra bá ti orí ògiri fò bọ́ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé rẹ̀ ni yóò gba gbogbo agbára ìbọ́ náà, bí kò bá sì ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọgbẹ́ tí kò hàn sójú lè ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tí yóò tọ́jú ẹsẹ̀ yìí mọ bí a ṣe tò ó. Oríkèé tí ojú ń rí láàárín ẹsẹ̀, tí ó ń ṣẹ́ sẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní orúnkún, kì í ṣe orúnkún rárá. Ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orúnkún gan-an wà lókè, ó fara pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́ níbi tí itan ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara, ó sì ń ṣẹ́ síwájú bíi ti ènìyàn. Eegun gígùn tí ó ní ìpẹ́ lára, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìka, jẹ́ àwọn eegun tí ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan nínú ẹyẹ, tí ó fi jẹ́ pé orí ìka ni pẹ́pẹ́yẹ ń rìn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìka mẹ́ta wà níwájú tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so pọ̀, ìka kékeré kan sì wà lẹ́yìn. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé lásán, nítorí pé ibi tí ẹsẹ̀ ti dá ni yóò sọ ohun tí ó ṣeé ṣe sí i. Eegun ìsàlẹ̀, tí kò ní ẹran lára, ṣeé dì. Eegun itan, tí ó wà nínú ara, kò ṣeé dì, ìsinmi tàbí iṣẹ́ abẹ oníṣègùn ẹranko ni ó lè gbà á. Eegun ẹyẹ pẹ̀lú kò nípọn. Bí ó bá dá, ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, etí rẹ̀ sì máa ń mú débi pé ó lè gún awọ yọ síta, pàápàá bí ẹni tí ó rí i bá ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún láti wò ó bóyá ó dá lóòótọ́.

Nínú gbogbo ohun tí ó ń ṣe ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ní jàǹbá, èyí tí ọwọ́ ènìyàn ń fà ni ó yẹ kí ó dun ni jù. Ní ọjà wa, okùn ni a fi ń di ẹsẹ̀ ẹyẹ méjèèjì pọ̀, okùn ọ̀rá tín-ín-rín ni ó sì sábà máa ń jẹ́. A ó fi kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà ní ìdoríkodò, tàbí kí a jù ú sínú búùtù ọkọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Okùn náà yóò máa wọ inú awọ, ẹsẹ̀ yóò máa wú, bí ó sì ṣe ń wú ni okùn yóò túbọ̀ máa fún un, títí tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè dé ìka mọ́. Ẹni tí ó rà á yóò tú u nílé, yóò rí ojú okùn yí ẹsẹ̀ ká, yóò sì rò pé yóò pòórá dọ́la, kò ní mọ̀ pé ìka tí ó ti tutù, tí awọ àárín rẹ̀ sì ti ń gbẹ, ti ń kú lọ. Gbígbé e ní ìdoríkodò tún ní ewu tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti okùn. Ẹyẹ kò ní awọ iṣan tí ó pààlà àyà àti ikùn tí ènìyàn fi ń mí. Eegun àyà rẹ̀ tí ó ń lọ sókè sódò ni ó fi ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú àwọn àpò tí ó wà káàkiri ara rẹ̀. Bí a bá dorí rẹ̀ kodò, ìfun àti ẹ̀dọ̀ yóò wọ́ lu àwọn àpò wọ̀nyí, bí a bá sì fún un ní àyà mọ́ra jù, kò ní lè mí rárá, kódà bí imú rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ó tọ́ láti gbé e kò le. Kí ọwọ́ kan bo apá méjèèjì mọ́ ara kí ó má baà gbọ̀n wọ́n, kí èkejì gba abẹ́ àyà rẹ̀ kí ó gbé gbogbo ara ró, kí ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ láàárín ìka láìfún wọn, kí a sì gbà á mọ́ ẹ̀gbẹ́ láìtẹ àyà. Apẹ̀rẹ̀ tí ó ní ihò, tàbí páálí tí a lu ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni ó sì yẹ kí a fi gbé e láti ọjà. Òfin pàápàá kò fọwọ́ sí ìwà ìkà ọjà tí a ti sọ ṣáájú. Abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ka fífi ìyà jẹ ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ka gbígbé ẹranko lọ́nà tí yóò fi jìyà tí kò yẹ mọ́ ọn, ìjìyà rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn náírà 50 tàbí méjèèjì. Náírà 50 kò ra àkàrà kan lónìí. Kò yẹ kí àwọn aṣòfin fi irú òǹkà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kan ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí ó wọ́ ni ó ti kọlu nǹkan. Oúnjẹ a máa wọ́ ẹsẹ̀ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, èyí sì ni ọ̀pọ̀ tí ó fẹ́ràn ẹyẹ wọn kò mọ̀, nítorí pé oúnjẹ ọmọ adìẹ ni wọ́n ń rà fún un, tàbí èèrí tí ó kù sínú asẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti sẹ́ ògì. Ohun tí ó fa wàhálà ni fítámì B3, tí a tún ń pè ní niacin. Ara adìẹ lè fi èròjà mìíràn nínú oúnjẹ rọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ kò mọ ọ̀nà náà dáadáa, àgbàdo tí ó jẹ́ olórí oúnjẹ ẹyẹ ní ilẹ̀ wa sì há niacin tirẹ̀ mọ́ra débi pé ikùn kò lè rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀. Nínú ìwé tí National Research Council ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1994 lórí oúnjẹ ẹyẹ ilé, milígíráàmù 55 ni wọ́n ní kí ó wà nínú kílógíráàmù oúnjẹ kan fún ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, nígbà tí ti ọmọ adìẹ ẹlẹ́ran jẹ́ 35. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí kò rí i tó yóò máa jókòó nígbà tí àwọn yòókù ń rìn, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì tẹ̀ bí ọrun. Bí a bá tètè mọ̀, ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe ọtí, tí niacin pọ̀ nínú rẹ̀, tí a bù díẹ̀ wọ́n sórí oúnjẹ lójoojúmọ́, lè gbé e dìde. Bí a bá pẹ́, eegun yóò ti le sí ipò tí ó tẹ̀ sí, kò sì sí ìwúkàrà tí yóò tún un ṣe mọ́. Irú ẹsẹ̀ wíwọ́ kan tún wà tí àìtó èròjà manganese máa ń fà, níbi tí iṣan ńlá tí ó gba ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ kọjá ti máa ń yọ́ kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀, tí ẹsẹ̀ náà yóò sì yí sí ẹ̀gbẹ́. Èyí kò ní ìwòsàn ní ilé.

Pẹ́pẹ́yẹ kì í pariwo ìrora. Ẹyẹ tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni, èyí tí ó bá sì fi àìlera hàn láàárín wọn ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé lọ, nítorí náà ara rẹ̀ ti kọ́ láti fi ohun tí ń ṣe é pamọ́ títí tí agbára ìpamọ́ náà yóò fi tán. Ojú olùtọ́jú ni ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ohùn rẹ̀ kò ṣe. Ẹyẹ tí ó ń jókòó jẹun, tí ó ń na apá kan síta láti fi gbé ara rẹ̀ ró, tí ìyẹ́ àyà rẹ̀ dọ̀tí nítorí pé kò kúrò lójú kan, tí ìgbẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ti ń sọ̀rọ̀. Kí a gbé e jókòó sórí ẹsẹ̀ ẹni ní ibi tí ó mọ́lẹ̀, kí a fi aṣọ bo orí rẹ̀ bí ó bá ń gbọ̀n, kí a sì kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan wò kí ọwọ́ lè mọ bí ẹsẹ̀ tí ó dá ṣáṣá ṣe rí. Ẹ̀yìn ìka ọwọ́ ni ó mọ ìgbóná jù. Kí a gbé e rìn láti òkè itan dé ìka, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a máa fi ẹsẹ̀ kejì wé e. Ibi tí ó gbóná tí ó sì wú ni ìjà wà, ibi tí ó tutù tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣókùnkùn ni ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́. Kí a na awọ àárín ìka sójú ìmọ́lẹ̀, kí a wá ẹ̀gún, kí a wá irun orí tàbí òwú tí ó wé mọ́ ìdí ìka, nítorí pé fọ́nrán irun kan ṣoṣo láti ibi tí wọ́n ti ń dirí lè gé ìka ẹyẹ. Lẹ́yìn náà, kí a fi ọwọ́ kan eegun àyà. Bí ó bá mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí ẹran kò sí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àìsàn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí ọwọ́ kò bá rí nǹkan kan lára ẹsẹ̀, kí ọkàn lọ sí ibòmíràn. Ẹyin tí ó há sínú abo lè tẹ iṣan ìmọ̀lára tí ó lọ sí ẹsẹ̀, tí kò fi ní lè dìde. Májèlé tí ó máa ń wà nínú òkú ẹranko jíjẹrà, àti nínú ìdin tí ó jẹ ẹ́, máa ń kọ́kọ́ mú ẹsẹ̀ kí ó tó mú ọrùn. Bí ẹyẹ púpọ̀ bá sì ń ṣubú lójijì nínú agbo kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé èyíkéyìí lé ẹsẹ̀, nítorí pé àrùn lukulùkù ẹyẹ tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2006, tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí irú rẹ̀ tí ń jẹ́ H5N1 ní ilẹ̀ Áfíríkà, lè mú ènìyàn pẹ̀lú. Oníṣègùn ẹranko ìjọba ni ó yẹ kí a ké sí.

Ní ti ẹsẹ̀ tí ó dá gan-an, ó ti pẹ́ tí àwọn a-to-eegun ilẹ̀ wa ti so ẹsẹ̀ ẹyẹ pọ̀ mọ́ ti ènìyàn. Àwọn oníwádìí ìlera ti ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà pé, bí wọ́n bá gbé ẹni tí eegun rẹ̀ dá wá, àwọn mìíràn nínú wọn máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, wọn yóò tò ó, wọn yóò dì í, ọjọ́ tí adìẹ náà bá sì ń fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ti aláìsàn náà ti ń jinná. Ìkà ni èyí jẹ́ sí adìẹ, kò sì sí àwáwí tí ó lè bò ó, nítorí pé eegun ẹyẹ a máa tètè so ju ti ènìyàn lọ, ó sì lè mú láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà ènìyàn lè gba oṣù mélòó kan. Síbẹ̀, ẹ̀rí wà nínú àṣà náà pé ọwọ́ Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń to ẹsẹ̀ ẹyẹ tí yóò sì mú. Ìmọ̀ tí a fi ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ aláìṣẹ̀ ni ó yẹ kí a máa fi wo ẹsẹ̀ tí ó ti dá tẹ́lẹ̀.

Ibi tí àwọn a-to-eegun ti máa ń ṣìṣe lára ènìyàn náà ni olùtọ́jú pẹ́pẹ́yẹ ti lè ṣìṣe. Ilé ìwòsàn ti gé ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí ó kú nítorí pé ẹ̀là ọparun tí a fi dì í fún un jù, kì í ṣe nítorí pé eegun rẹ̀ dá. Bí oníṣègùn ẹranko bá wà nítòsí, òun ni ó yẹ kí ó ya àwòrán eegun náà kí ó sì dì í. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ń gba ẹyẹ. Bí ọ̀nà bá jìn, tí eegun tí ó dá sì jẹ́ ti ìsàlẹ̀ tí kò gún awọ yọ, a lè fi òwú yí ẹsẹ̀ ká, kí a fi ẹ̀là ọparun tí a fá dán tàbí páálí líle sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó kọjá oríkèé tí ó wà lókè àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ibi tí ó dá, kí a sì fi báńdéèjì wé e tó láti má ṣe mì, láìfún un. Ìka gbọ́dọ̀ wà níta. Ìka yìí ni yóò máa jẹ́rìí: bí ó bá tutù, bí ó bá wú, bí ó bá dúdú, kí a tú gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Àrùn mìíràn tí ó kún ilé olùsìn pẹ́pẹ́yẹ ni egbò àtẹ́lẹsẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní Staphylococcus aureus, tí ó wà lára awọ ẹyẹ àti ti ènìyàn, máa ń gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọlé, ọgbẹ́ náà yóò sì dì mọ́ kòkòrò náà nínú, tí èèpá dúdú yóò bo ojú rẹ̀ nígbà tí ọyún líle ń pọ̀ sí i lábẹ́. Ilẹ̀ líle, òkúta wẹ́wẹ́, ilẹ̀ tí kì í gbẹ àti ara tí ó wúwo jù ni ó ń bí i. Bí ó bá ṣì kéré, kí a fi ẹsẹ̀ náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi iyọ̀ sí títí tí yóò fi rọ̀, kí a fi áyódíìn nù ún, kí a fi òwú tí ó nípọn sí i lábẹ́, kí a sì dì í kí ó má baà fi ibẹ̀ tẹlẹ̀. Bí ó bá ti wọ inú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú abẹ ìfárí bẹ́ ẹ nílé, nítorí pé iṣan àti eegun kò jìnnà sí ojú awọ níbẹ̀.

Ohun tí ó kù lẹ́yìn ìdì ni ìsinmi, òun ni ó sì gba sùúrù jù lọ. Ààyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré kí ó má baà máa sáré, ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀, kí a tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí èérún pákó tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń fá dànù, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó tutù. Àyà ẹyẹ tí ń jókòó ṣáá máa ń dá egbò, nítorí náà kí a máa gbé e yí ipò padà. Àwọn kan a máa fi aṣọ tí a lu ihò ẹsẹ̀ sí ṣe àkéte ìsokọ́ tí ó gbé àyà rẹ̀ ró, tí ìka rẹ̀ kàn ń kan ilẹ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ adìẹ tí ó bà lókùn ni, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ, ṣùgbọ́n bí a bá ń fi í sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ tí a sì ń fún un ní oúnjẹ níbẹ̀, yóò gbà. Kò yẹ kí a yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Pẹ́pẹ́yẹ tí a mú kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kọ oúnjẹ, nígbà tí èyí tí ó ń rí ẹnì kejì rẹ̀ láti inú àgò, tí ó sì ń gbọ́ mímí rẹ̀ ní alẹ́, máa ń fara balẹ̀. Omi mímu rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìn tó kí ó lè ri ẹnu títí dé ihò imú bọ̀ ọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń fọ imú àti ojú rẹ̀.

Bí ọgbẹ́ bá ti jinná, tí a sì ti tú ìdì, omi yóò wá di oníṣègùn. Kí a pọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà tí ó jìn tó kí ẹsẹ̀ má ṣe kan ìdí rẹ̀, kí a fi ọwọ́ gba abẹ́ àyà ẹyẹ náà, kí a jẹ́ kí ó léfòó. Ẹsẹ̀ tí kò lè ru ara lórí ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi, kọ́kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ara yóò máa yí po, lẹ́yìn náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣan tí ó ti rọ yóò máa padà le láìsí ẹrù lórí eegun. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ó ti pẹ́ tí kò lè dúró kì í lè fi ẹnu pa ìyẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ pẹ̀lú òróró tí ó ń jáde ní ìdí ìrù rẹ̀, ìyẹ́ tí kò sì ní òróró máa ń mu omi, ara yóò wúwo, òtútù yóò mú un, ó sì lè rì. Kí ọwọ́ má ṣe kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí a sì nù ún gbẹ kí ó tó padà sí ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ oògùn gba ìkìlọ̀. Oògùn ara ríro tí a ń rà fún ènìyàn ní kẹ́míìsì kì í ṣe ti ẹyẹ. Diclofenac, tí ó wà nínú àpótí oògùn ọ̀pọ̀ ilé wa, ni àwọn oníwádìí fi hàn ní 2004 pé ó ń pa igún ní Pakistan, nítorí pé àwọn igún náà ń jẹ òkú màlúù tí wọ́n ti fún ní oògùn náà, kíndìnrín wọn sì ń bàjẹ́. Ó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lára irú igún mẹ́ta tí ó parun ní ilẹ̀ Íńdíà àti àyíká rẹ̀ kí ìjọba Íńdíà tó fòfin de lílò ó fún ẹranko ní 2006. Ẹni tí ó bá rántí èyí kò ní fi ojú àánú lọ oògùn bẹ́ẹ̀ sínú omi pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀. Oògùn apakòkòrò pẹ̀lú máa ń wọ inú ẹyin àti ẹran, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹyin ẹyẹ tí ń lò ó títí oníṣègùn yóò fi sọ pé ó tó àkókò.

Bí ẹsẹ̀ kò bá ṣeé gbà là, gígé rẹ̀ kò rọrùn fún ẹyẹ tí ó wúwo, nítorí ìdí tí a ti sọ ṣáájú nípa ẹrù. Ní ìlú Arlington ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, pẹ́pẹ́yẹ kan tí wọ́n ń pè ní Buttercup wà, tí ó jáde láti inú ẹyin ní 2012 pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì tí ó kọ ẹ̀yìn síwájú. Bí ó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà rìn ni ó ń dégbò, wọ́n sì gé e ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Mike Garey, tí ó ń tọ́jú àwọn ẹyẹ olómi tí a ti pa tì, ya àwòrán ẹsẹ̀ òsì ẹyẹ mìíràn tí ó jẹ́ arábìnrin Buttercup, ilé iṣẹ́ NovaCopy sì fi ẹ̀rọ tí ń tẹ nǹkan jáde lọ́nà tí ó ṣeé dì mú ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Nítorí pé ike tí ẹ̀rọ náà ń lò le jù fún ẹsẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀, inú àwòkọ́ṣe náà ni wọ́n da èròjà rírọ̀ tí ń jẹ́ silicone sí, ẹsẹ̀ tí ó jáde níbẹ̀ ni wọ́n sì fi wọ̀ ọ́, tí ó fi ń rìn. Ohun tí ó yẹ kí a fà yọ nínú rẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ: ẹnì kan jókòó ti pẹ́pẹ́yẹ kan, ó sì ronú nípa bí ilẹ̀ ṣe ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní owó tí a ná lórí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ lè ra mẹ́wàá lọ́jà. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí a bá ẹni tí kò ní owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wí pé kò gbé pẹ́pẹ́yẹ lọ ya àwòrán eegun. Ṣùgbọ́n iye tí ọjà pè é kọ́ ni iye tí ó jẹ́ ní ilé tí ó ti ń dáhùn sí ohùn ọmọdé. Ẹni tí ó bá ti gbà á sílé ti gba ẹrù rẹ̀, ẹrù náà sì ní ìhà méjì, nítorí pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Bí eegun bá ti yọ síta tí ó sì ti ń rà, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti kú, bí ẹyẹ náà kò bá jẹun tàbí mu omi mọ́ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ tó, àánú ni pé kí oníṣègùn ẹranko fi í sùn láìsí ìrora. Fífà á gùn nítorí pé ojú ń ti olùtọ́jú, tàbí nítorí pé kò fẹ́ sunkún, kì í ṣe ìfẹ́ sí ẹyẹ.

Èyí tí ó bá yè, tí ó sì ń tiro, kò di aláìwúlò. Pẹ́pẹ́yẹ tí a tọ́jú dáadáa lè lo ọdún mẹ́jọ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, abo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tọ́ mọ́ ṣì lè yé, ó lè jókòó sàba fún ọjọ́ 35 tí irú rẹ̀ fi ń pa ọmọ, kí ó sì kó wọn jáde. Kìkì pé kí ilé náà gba tirẹ̀ rò. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá wà ní àgbàlá yín, ẹ gbé omi rẹ̀ sí ibi tí kò ní gun nǹkan kan kí ó tó dé, ẹ fi pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ibi tí àtẹ̀gùn wà, ẹ tẹ́ koríko sórí sìmẹ́ǹtì ibi tí ó máa ń jókòó sí, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ọmọ ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fà á ní ẹsẹ̀ mọ́.